Láti Novice dé Technician: bí ẹni tuntun ṣe ń gba àṣẹ rédíò ham ní Amẹ́ríkà, láyé àtijọ́ àti lóde òní

Nígbà tẹ́ ẹ bá tan rédíò, tiwa ni ká sọ̀rọ̀, tiyín ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ lè pè wá lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ wa ló ní àṣẹ láti gbé ohùn jáde. Irú rédíò kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú tiwọn, ẹni tó gbọ́ náà ló máa fèsì. Kò sí olóòtú ètò, kò sí orin, kò sí ìpolówó ọjà. Ẹnì kan jókòó sí yàrá ilé rẹ̀, ó ń bá ẹlòmíì tó wà ní ìlú kejì tàbí ní òdìkejì òkun sọ̀rọ̀, láìsí pé ilé iṣẹ́ fóònù kankan wà láàárín wọn. Amateur radio ni wọ́n ń pè é. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe owó. Àwọn tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní ham.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kàn lè dìde kó tẹ bọ́tìnnì kó máa sọ̀rọ̀. Ìgbì rédíò kò mọ ògiri ilé, kò sì mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò lè da ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú tàbí àwọn panápaná rú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Lónìí, ẹ jẹ́ ká wo ìwé àṣẹ àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tí ẹni tuntun ń gbà, bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí báyìí. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè gbà á. Ìdí kejì ni pé ìbéèrè tó wà nínú ìtàn yìí kan gbogbo iṣẹ́ ọwọ́: báwo ni ẹni tuntun ṣe gbọ́dọ̀ mọ nǹkan tó, ká tó jẹ́ kó fọwọ́ kan irinṣẹ́?

Ibi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀

Oṣù Kẹrin ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú omi Titanic rì. Rédíò ni wọ́n fi ké jáde nínú ọkọ̀ náà, igbe yẹn ló sì mú kí ọkọ̀ Carpathia wá kó àwọn tó là. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ariwo gba ìlú pé afẹ́fẹ́ ti dàrú, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lè so wáyà pọ̀ ló ń ránṣẹ́ bó ṣe wù ú. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ fi rédíò ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Òfin yẹn ti àwọn ham sí ìgbì tí gígùn rẹ̀ kò ju 200 mítà lọ. Lójú àwọn ọ̀gá ìgbà náà, ilẹ̀ aṣálẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Àṣé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni! Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1923, àwọn ham méjì ní Amẹ́ríkà àti ham kan ní ilẹ̀ Faransé bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní lílọ àti bíbọ̀ kọjá òkun Àtìláńtíìkì, lórí ìgbì tó tó nǹkan bí 110 mítà. Àwọn tí wọ́n lé sí ẹ̀yìnkùlé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi han ayé pé ìgbì kúkúrú lè rin ọ̀nà jíjìn.

Ẹnu ọ̀nà wọn le ṣá. Ká tó dé 1951, ẹni tó bá fẹ́ di ham gbọ́dọ̀ lọ síwájú aṣojú FCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí rédíò àti ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó máa fi etí gbọ́ kóòdù Morse, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn sọ, ní ọ̀rọ̀ 13 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó máa dáhùn ìbéèrè, ó sì máa ya àwòrán bí wáyà ṣe ń so mọ́ra nínú rédíò. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà gan-an sí ọ́fíìsì ìjọba nìkan ni wọ́n ń gbà láàyè kó ṣe é nítòsí ilé. Ọmọ ọdún 14 tó fẹ́ràn rédíò máa dúró níta ni, tàbí kó gbàgbé rẹ̀.

1951: ìwé ọmọ iṣẹ́

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1951 ni ilẹ̀kùn yí padà. FCC dá ìwé àṣẹ tuntun kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Novice. Kóòdù Morse rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n kà sí ọ̀rọ̀ kan, torí náà lẹ́tà 25 ni ẹni náà máa gbọ́ nínú ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè orí ìwé rẹ̀ rọrùn: òfin díẹ̀, àti ìpìlẹ̀ bí iná àti rédíò ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ wọ́n so okùn mọ́ ọn. Agbára rédíò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 75 lọ. Crystal ló gbọ́dọ̀ lò, ìyẹn òkúta kékeré tó ń di rédíò mú sójú ìgbì kan ṣoṣo, kó má baà ṣáko lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá fẹ́ kúrò lójú ìgbì yẹn, àfi kó yọ òkúta náà, kó fi òmíràn sí i. Àwọn ibi tóóró ni wọ́n là fún un, kóòdù ló sì ń lò ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tún fi lẹ́tà N sínú àmì orúkọ tí wọ́n ń fi pè é lórí afẹ́fẹ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹni tuntun ni. Ẹ rántí lẹ́tà L pupa tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mọ́tò ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni N yẹn ń ṣe.

Èyí tó wá le jù níbẹ̀ ni àkókò. Ọdún kan péré ni ìwé Novice ń lò, kò sì ṣeé tún ṣe. Tí ọdún bá pé tí ọmọ náà kò tíì yege ìdánwò tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú Morse ọ̀rọ̀ 13 yẹn, ó di kó pa rédíò rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kò sí bí ẹni tó ń fi kóòdù sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́ fún ọdún kan gbáko kò ṣe ní yára sí i. Ìjọba kò ní kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n tán kó tó wọlé. Wọ́n ní kó wọlé wá kọ́ ọ, kó sì tètè kọ́ ọ. Bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ló rí. Ọ̀gá kì í dúró di ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù kó tó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Ìdánwò lọ́dọ̀ aládùúgbò

Ohun mìíràn tún wà tó mú Novice yàtọ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ìdánwò rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ham fúnra wọn. Ọmọ náà máa wá ham àgbà kan ládùúgbò. Àgbà yẹn máa fi Morse dán an wò. Wọ́n á kọ̀wé sí FCC, ìwé ìdánwò á dé nínú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa, ọmọ á ṣe é lójú àgbà yẹn, wọ́n á sì dá a padà pẹ̀lú ìwé ìfiránṣẹ́. Ó wá di kí wọ́n máa retí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìwé àṣẹ tó dé.

Ẹ ò rí i pé ọmọ náà kò lè di ham láìmọ ham kan. Ẹni tó dán an wò yìí náà ló sábà máa ń bá a gbé áńtẹ́nà rẹ̀ sókè, tó máa ń yá a ní rédíò àlòkù, tó sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ lálẹ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ham ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní orúkọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀: Elmer ni wọ́n ń pè é títí dòní. Yorùbá náà ṣáà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ń tú okùn yẹn díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1967, ọdún kan di méjì. Lọ́dún 1972, wọ́n mú ọ̀ràn crystal kúrò. Lọ́dún 1976, agbára gòkè dé wáàtì 250. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ìwé Novice ti di ọdún márùn-ún, ó sì ti ṣeé tún ṣe. Lọ́dún 1987, wọ́n fún wọn láyè láti fi ohùn ẹnu sọ̀rọ̀ lórí ìgbì mítà 10. Lójú ẹni tuntun, ìròyìn ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun tó ń ti ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn láti tẹ̀ síwájú ń dín kù bákan náà.

Ìjà orí kóòdù Morse

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1991 ni ìjà ńlá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó di pé ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ Technician láìmọ Morse rárá. Technician kì í ṣe ìwé tuntun. Ọdún 1951 kan náà ni wọ́n dá a sílẹ̀, fún àwọn tó fẹ́ máa ṣe ìwádìí lórí ìgbì kúkúrú gan-an. Nígbà tí wọ́n yọ Morse kúrò nínú rẹ̀, òun ló di ẹnu ọ̀nà ńlá. Ta ló tún fẹ́ jókòó máa kọ́ kóòdù nítorí Novice, nígbà tí ọ̀nà mìíràn wà? Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2000, FCC kò fún ẹni tuntun ní ìwé Novice mọ́. Àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀ ṣì lè máa tún un ṣe.

Inú bí àwọn àgbà ham kan. Wọ́n ní àwọn jìyà kí àwọn tó gba ìwé, àwọn ọmọ wọ̀nyí kàn fẹ́ fi ẹnu gbà á. Wọ́n ní Morse ń fi hàn pé ẹni náà fẹ́ràn iṣẹ́ yìí lóòótọ́. Wọ́n bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ máa di ibi ariwo tí kò ní òfin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ o. Ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Morse máa ń dé ibi tí ohùn ẹnu kò lè dé, rédíò tí wọ́n fi ń ṣe é kò sì lọ́jú pọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ti ń yí. Ìdí pàtàkì tí òfin àgbáyé fi ní kí ham mọ Morse ni pé Morse ni ọkọ̀ ojú omi fi ń ké jáde nínú ewu. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1999, ètò tuntun tó ń lo sátẹ́láìtì àti rédíò ìgbàlódé ti gba iṣẹ́ yẹn pátápátá. Lọ́dún 2003, níbi ìpàdé àgbáyé lórí rédíò ní ìlú Geneva, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Morse sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti pinnu. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2007 ni Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìdánwò ham.

Ṣé Morse wá kú? Rárá o. Ó ṣì wà lórí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, àwọn tó sì kọ́ ọ lẹ́yìn 2007 kọ́ ọ nítorí pé ó wù wọ́n ni.

Bó ṣe rí lónìí

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà báyìí, Technician ni ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìbéèrè 35 ni, ìdáhùn mẹ́rin ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ mú ọ̀kan. Ẹni tó bá gba 26 ti yege. Àkójọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n lè béèrè, pẹ̀lú ìdáhùn wọn, wà ní gbangba, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó lé ní 400 ìbéèrè. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, torí náà ẹ rí i dájú pé àkójọ tó wà lójú ọjọ́ lẹ̀ ń kà.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FCC lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi ìdánwò. Láti ọdún 1984 ni FCC ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ ìdánwò lé àwọn ham tó yọ̀ǹda ara wọn lọ́wọ́. Mẹ́ta ó kéré tán ló máa wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn ìjọ, ó sì lè jẹ́ orí kọ̀ǹpútà nínú ilé yín, tí wọ́n á máa fi kámẹ́rà wò yín. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń gba owó díẹ̀, àwọn mìíràn kì í gbà. Tẹ́ ẹ bá yege, FCC á fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ san dọ́là 35. Ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó yìí. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní láti san án. Nígbà tí àmì orúkọ yín bá ti hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ FCC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọdún mẹ́wàá ni ìwé náà ń lò.

Kò sí iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọmọ kékeré tó bá yege á gbà á. Kò sì pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì ní Amẹ́ríkà tí lẹ́tà lè dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: gbogbo ayé ló lè rí àdírẹ́sì yẹn nínú àkọsílẹ̀ FCC. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ ilé òun, kó lo àpótí ìfìwéránṣẹ́.

Kí ni ìwé yìí fún yín láyè láti ṣe? Gbogbo ìgbì ham láti 50 MHz lọ sókè jẹ́ tiyín. Rédíò kékeré àfọwọ́mú lè bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ tí repeater bá wà, ìyẹn ẹ̀rọ orí òkè tó ń gba ohùn kékeré tó sì ń tún un gbé jáde pẹ̀lú agbára. Ohun tí kò láyè náà wà: ẹ ò gbọ́dọ̀ fi pa owó, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé orin sí i, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi àṣírí bo ọ̀rọ̀ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ dárúkọ àmì yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá àti nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dákẹ́. Iṣẹ́ tí àwa ń ṣe nílé iṣẹ́ rédíò wa kọ́ nìyí.

Ohun tó sọnù

Nǹkan bí ìdajì gbogbo ham Amẹ́ríkà lónìí ló jẹ́ Technician. Ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà máa bàjẹ́, kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó há ìdáhùn sórí ní ọ̀sẹ̀ méjì lè gba ìwé, kó ra rédíò kékeré, kó pe repeater lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn, kó sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Kò sí ọdún kan tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí àgbà tó mọ orúkọ rẹ̀, torí àwọn tó dán an wò lè wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, lójú kámẹ́rà.

Ẹ tún wo èyí. Àwọn ibi tóóró tí Novice máa ń lò lórí ìgbì mítà 80, 40 àti 15, Technician ló jogún wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè bá òkè òkun sọ̀rọ̀ láìgba ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n Morse nìkan ni òfin gbà níbẹ̀. Oko bàbá wà nílẹ̀, ọmọ kò ní ọkọ́.

Kí ló wá ṣe pàtàkì níbẹ̀? Lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí ìjì Maria ti wó òpó fóònù àti ti iná lulẹ̀ ní Puerto Rico, àjọ Red Cross ní kí ẹgbẹ́ àwọn ham ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá 50 ènìyàn fún òun. Wọn ò béèrè ẹni tó ní ìwé lásán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ń wá, tó lè gbé áńtẹ́nà ró nínú òjò, kó sì kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ láìṣì í kọ. Kò sí ìdánwò ìbéèrè 35 tó lè kọ́ ènìyàn nìyẹn. Orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Britain ní tiwọn náà. Foundation ni ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀, láti ọdún 2002. Ìbéèrè 26 ni, 19 ni wọ́n fi ń yege, wáàtì 25 sì ni agbára rẹ̀ láti ọdún 2024. Ìwé méjì mìíràn wà lórí rẹ̀, Intermediate àti Full. Níbi méjèèjì, ìwé ìlú kan kì í dédé ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ẹni tó ń bọ̀ wálé, ìbáà jẹ́ Nàìjíríà tí àmì tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, Benin tó ní TY, tàbí Togo tó ní 5V, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ kó tó tan rédíò rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Kẹ́ ẹ tó ra rédíò, ẹ wá ẹgbẹ́ ham tó wà nítòsí yín, kẹ́ ẹ sì lọ jókòó sí ìpàdé wọn. Ẹ ṣe ìdánwò yín lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ò ní rí mọ́. Tí ìwé yín bá dé, ẹ fún ara yín ní ọdún kan, bí ti Novice ayé àtijọ́: kó tó pé, kẹ́ ẹ ti gbìyànjú ìdánwò General tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin àgbà ham ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá gbọ́ àmì orúkọ tẹ́ ò mọ̀ rí, tó ń pè tí kò sẹ́ni tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn.